Ìbò Rẹ́mọ kì í ṣe ogún bàbá ẹnikẹ́ni mọ́

Ẹni tó bá ṣì gbà pé inú àpò ẹgbẹ́ òṣèlú kan ṣoṣo ni ìbò Rẹ́mọ wà, tó jẹ́ kí olórí ẹgbẹ́ kàn ti ọwọ́ bàpò kó sì kó o jáde ni, oorun lẹni náà ń sùn. Ayé ọjọ́un ti lọ. Láti Ṣàgámù dé Ìkẹ́nnẹ́, láti Ìpẹru dé Ìṣarà, bó ṣe ń wu àwọn èèyàn ni wọ́n ń dìbò báyìí. Wọ́n lè dì í fún onígbàálẹ̀ lóṣù yìí, kí wọ́n dì í fún alábùradà lóṣù tó ń bọ̀, wọn ò sì ní tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Àwọn olóṣèlú mọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ̀rù ẹ̀ ló sì ń bà wọ́n. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fò láti inú ẹgbẹ́ kan bọ́ sínú òmíràn bí ọ̀bọ tó ń wá ọ̀gẹ̀dẹ̀ kiri.

Nígbà kan, ọ̀rọ̀ ò rí báyìí. Ìkẹ́nnẹ́ ni wọ́n bí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ sí lọ́jọ́ kẹfà, oṣù kẹta, ọdún 1909. Nígbà tí bàbá náà àtàwọn èèyàn ẹ̀ gbé ẹgbẹ́ Action Group jáde lọ́dún 1951, ẹgbẹ́ táwọn èèyàn ń pè ní Ọlọ́pẹ, ọ̀pọ̀ ọmọ Rẹ́mọ ni kì í béèrè pé ta ni wọ́n fà kalẹ̀ kó tó tẹ̀ka. Ọ̀pẹ lójú ẹ̀ ń wò. Nígbà tó di 1979 tí UPN jáde pẹ̀lú àmì ìmọ́lẹ̀, ju 90 lọ nínú ọgọ́rùn-ún ìbò ààrẹ tí wọ́n dì ní ìpínlẹ̀ Ògùn ló bọ́ sọ́wọ́ Awólọ́wọ̀. Ẹ má sì rò pé afọ́jú ni wọ́n o. Ilé-ìwé ọ̀fẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ lóṣù kìn-ín-ní ọdún 1955 ni wọ́n ń rántí. Ẹni tí ìyá ẹ̀ ò rówó rán níléèwé, tó wá di tíṣà tàbí akọ̀wé, ṣé wọ́n á tún ṣẹ̀ṣẹ̀ máa bẹ irú ẹni bẹ́ẹ̀ kó tó dìbò ni? Gbèsè tó mọ̀ pé òun jẹ ló ń san.

Síbẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni parọ́ fún yín pé gbogbo ilé ló jókòó sídìí ọ̀pẹ nígbà yẹn. Ọmọ Akárígbò fúnra ẹ̀, Ọmọọba Adeleke Adedoyin, abẹ́ NCNC àwọn Azikiwe ló ti wọlé l'Ékòó lọ́dún 1951. Nígbà tó fi máa di oṣù karùn-ún ọdún 1962, tí wọ́n ń ju àga lu ara wọn nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin n'Íbàdàn, Adedoyin yìí kan náà ni olórí ilé, abẹ́ Ọlọ́pẹ ló sì ti dé ibẹ̀. Kí gbogbo àwọn tó ń pariwo pé ayé ti bàjẹ́, pé àwọn olóṣèlú òde òní ni wọ́n dá fífò sílẹ̀, jọ̀ọ́ panu mọ́. Fífò ti wà tipẹ́. Ohun tó yàtọ̀ ni pé nígbà náà, olóṣèlú ló ń fò, ará ìlú dúró sójú kan. Ní báyìí, ará ìlú náà ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń fò.

Ibo gan-an ló ti bẹ̀rẹ̀? Ìbò 2003 ni kẹ́ ẹ wò. Lọ́dún 1999, AD táwọn ọmọlẹ́yìn Awólọ́wọ̀ dá sílẹ̀ ló ní ilẹ̀ Yorùbá. Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ tó jẹ́ ọmọ Ògùn fìdí rẹmi nílé ara ẹ̀, Olú Fálaè ni wọ́n dìbò fún, Ṣẹ́gun Ọ̀ṣọbà sì di gómìnà. Ọdún mẹ́rin péré lẹ́yìn ìyẹn, PDP gba gbogbo ilẹ̀ Yorùbá, Èkó nìkan ló kù lọ́wọ́ AD. Àwọn AD pariwo pé wọ́n yí ìbò, ariwo náà ò sì ṣe é kó dànù. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ẹgbẹ́ náà ló kọ́kọ́ ṣílẹ̀kùn fólè. Wọn ò fa ẹnì kankan kalẹ̀ fún ipò ààrẹ lọ́dún yẹn, Ọbásanjọ́ ni wọ́n ní káwọn èèyàn dìbò fún. Ọjọ́ kan náà, ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù kẹrin, ni wọ́n dìbò ààrẹ àti ti gómìnà. Ẹni tẹ́ ẹ ti ní kó tẹ alábùradà lórí ìwé kìn-ín-ní, kí ló fẹ́ dá ọwọ́ ẹ̀ dúró lórí ìwé kejì?

Ti Rẹ́mọ tún lé díẹ̀ sí i. Ọmọ wọn ló ń du ipò náà. Gbénga Daniel, ọmọ Ṣàgámù, ló lé Ọ̀ṣọbà kúrò ní ilé ìjọba. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti rí i pé ọmọ Rẹ́mọ lè di gómìnà, àní lábẹ́ ẹgbẹ́ tí bàbá àgbà ò fi sílẹ̀ fún wọn. Okùn tó so wọ́n mọ́ ẹgbẹ́ já lọ́jọ́ náà, kò sì tíì so padà.

Látìgbà yẹn, ẹ máa kà á. Nígbà tó di 2011, ìjà Daniel àti Ọbásanjọ́ fọ́ PDP sí méjì. Àwọn Daniel lọ sí PPN lọ́dọ̀ Gbóyèga Ìsíákà, àwọn tó kù dúró ti Adétúnjí Olúrin ní PDP, Ìbíkúnlé Amósùn ti ACN sì gba àárín wọn kọjá lọ sílé ìjọba. Nígbà tó di 2015, ọ̀rọ̀ tún wá dùn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ Ìkẹ́nnẹ́, Yẹmí Ọ̀ṣínbàjò, di igbákejì ààrẹ lábẹ́ APC, Amósùn sì wọlé lẹ́ẹ̀kejì lábẹ́ APC kan náà. Ta wá ni Rẹ́mọ rán lọ sílé aṣojú-ṣòfin l'Ábújá? Ládi Adébùtù ti PDP ni! Àná-ọmọ ilé Awólọ́wọ̀ wà lórí àga pẹ̀lú APC, aṣojú ilé sì jẹ́ ti PDP. Ẹni tó bá ní ẹgbẹ́ kan ló ni Rẹ́mọ, kó wá fi ìyẹn hàn nínú ìbò ọdún náà.

Ìbò 2019 àti ti 2023 ló wá tú gbogbo àṣírí. Lọ́dún 2019, Dàpọ̀ Abíọ́dún ti APC, ọmọ Ìpẹru, ní ìbò 241,670. Adékúnlé Akinlade ti APM, tí Amósùn wà lẹ́yìn ẹ̀, ní 222,153. PDP ò rí ju 70,290 lọ, ipò kẹrin ni wọ́n wà. Gbogbo èèyàn ló ní ẹgbẹ́ náà ti kú l'Ógùn. Òkú ọ̀hún jí lọ́dún 2023! Ládi Adébùtù, ọmọ Ìpẹru bíi ti Abíọ́dún, kó ìbò 262,383 jọ fún PDP, Abíọ́dún ní 276,298, ìbò 13,915 péré ló sì wà láàárín àwọn méjèèjì. Ìlú kan ṣoṣo ló bí wọn, ìpínlẹ̀ odidi ló sì pín sí méjì nítorí wọn. Ẹjọ́ náà rìn títí dé ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ kó tó parí ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024, Abíọ́dún ló sì jàre.

Ohun tó yẹ kó ya gbogbo èèyàn lẹ́nu kọ́ nìyẹn o. Ẹ wo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó wà láàárín ìbò méjèèjì tí wọ́n dì lọ́dún 2023. Lọ́jọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n oṣù kejì, Bọ́lá Tinúbú ti APC ní ìbò 341,554 ní ìpínlẹ̀ Ògùn, Àtíkù ti PDP ní 123,831, Peter Obi ti Labour ní 85,829. Nígbà tó di ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kẹta, ìbò tó lé ní 65,000 ti sá kúrò lọ́wọ́ APC, PDP sì ti fi èyí tó lé ní 138,000 kún tiẹ̀. Bíyì Ọtẹ́gbẹ́yẹ ti ADC, ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Ògùn, tún kó 94,754 tiẹ̀ lọ. Ìpínlẹ̀ kan náà ni, káàdì ìdìbò kan náà ni, àwọn àgọ́ ìdìbò kan náà ni. Ọ̀pọ̀ ló dìbò fún Tinúbú torí pé ọmọ Yorùbá ni, tí wọ́n wá ní ti gómìnà lọ́tọ̀. Ẹni tó dì í fún Obi níbi ìbò ààrẹ gbọ́dọ̀ wá ibòmíràn gbé tiẹ̀ lọ. Ìbò Ògùn ti di bí ọkọ̀ èrò tó ń gba abẹ́ afárá Ṣàgámù kọjá: ẹni tó wọ̀ ọ́ l'Ékòó lè sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀, kó wọ ti Ìjẹ̀bú-Òde.

Kì í ṣe Rẹ́mọ nìkan lèyí ti ń ṣẹlẹ̀. Lókè òkun, ní Amẹ́ríkà, àwọn ìpínlẹ̀ bíi Michigan, Pennsylvania àti Wisconsin dìbò fún Obama lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n yí padà sí Trump lọ́dún 2016, wọ́n bọ́ sọ́dọ̀ Biden lọ́dún 2020, wọ́n sì tún padà sọ́dọ̀ Trump lọ́dún 2024. Àwọn yẹn tún ní ohun tí àwa èèyàn ibí ò ní. Ọdún méjì lẹ́yìn tí wọ́n bá yan ààrẹ, wọ́n á tún dìbò yan àwọn aṣòfin, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti máa ń na ẹgbẹ́ ààrẹ lẹ́gba. Lọ́dún 2018, wọ́n gba ilé aṣojú-ṣòfin kúrò lọ́wọ́ ẹgbẹ́ Trump. Lọ́dún 2022, wọ́n gbà á kúrò lọ́wọ́ ẹgbẹ́ Biden. Láti 1946 wá, nínú irú ìbò bẹ́ẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì péré, ní 1998 àti 2002, ni ẹgbẹ́ ààrẹ bọ́ nínú ẹgba náà títí di 2022.

Ní Rẹ́mọ, ohun tó jọ irú ìbò bẹ́ẹ̀ jù lọ ni èyí tó wáyé lọ́jọ́ kẹrìndínlógún oṣù kẹjọ, ọdún 2025. Adéwùnmí Onanuga, obìnrin tó ń ṣojú Ìkẹ́nnẹ́, Ṣàgámù àti Àríwá Rẹ́mọ l'Ábújá, ló dolóògbé lóṣù kìn-ín-ní ọdún náà, wọ́n sì ní láti wá ẹni tó máa rọ́pò ẹ̀. Bó bá jẹ́ Amẹ́ríkà ni, epo tó wọ́n, oúnjẹ tó wọ́n, owó iná tó ń lé wájú, gbogbo ẹ̀ ni ẹgbẹ́ tó wà nílé ìjọba ì bá fi orí ara ẹ̀ rù. Àmọ́ kí ló ṣẹlẹ̀? Adéṣọlá Elégbèjí ti APC ní 41,237, olùdíje PDP sì ní 3,011. Ẹgbẹ́ tó kù díẹ̀ kó gba ìpínlẹ̀ lọ́dún 2023, tí ọmọ Ìpẹru dúró fún, òun náà ló rí ẹgbẹ̀rún mẹ́ta nínú ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́ta Rẹ́mọ!

Ẹ má tètè yọ̀, ẹ má sì tètè sunkún. Àwọn kan á ní Rẹ́mọ ti di ti APC pátápátá. Irọ́ ni. Ohun méjì ló fà á. Èkíní, PDP ti ń jà nílé látòkè délẹ̀, ẹni tí ilé ẹ̀ ń jó kì í lọ tajà. Èkejì, nílẹ̀ yìí, ẹni tó bá mú ilé ìjọba dání ló mú ọ̀bẹ dání. Gómìnà ló ń gbé iṣẹ́ ọ̀nà jáde, òun ló ń buwọ́ lu ìwé ilẹ̀, owó oṣù tíṣà àti ti nọ́ọ̀sì ìpínlẹ̀, ọwọ́ ẹ̀ ló wà. Aṣojú-ṣòfin kan tí kò bá gómìnà rẹ́, kí ló fẹ́ mú bọ̀ wálé? Oníṣòwò obì ní Sábó mọ èyí, ọlọ́kadà mọ̀ ọ́n, bàbá tó ń wá iṣẹ́ fọ́mọ ẹ̀ náà mọ̀ ọ́n. Wọ́n tẹ̀lé ibi tí ọbẹ̀ ti ń ta sánsán. Àwọn tínú ń bí kò sì wá dìbò fún ẹgbẹ́ mìíràn, ilé ni wọ́n jókòó sí. Ẹni tó jókòó sílé yẹn ló yẹ kó ba àwọn olóṣèlú lẹ́rù, torí kò sẹ́ni tó mọ ibi tó máa yà sí lọ́jọ́ tó bá dìde.

Ọ̀rọ̀ 2027 ló wá ku, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ gbé wà. Ọdún náà ni òfin fi parí sáà kejì Abíọ́dún. Láti 1999 títí di 2027 jẹ́ ọdún 28, ọmọ Rẹ́mọ sì ló jókòó lórí àga gómìnà fún 16 nínú ẹ̀, Daniel mẹ́jọ, Abíọ́dún mẹ́jọ. Àwọn Yewa àti Àwórì ní Ìwọ̀-Oòrùn Ògùn, látìgbà tí wọ́n ti dá ìpínlẹ̀ náà sílẹ̀ lọ́dún 1976, ẹyọ kan ṣoṣo wọn ò dìbò wọlé sípò gómìnà rí. Tinúbú sọ ọ̀rọ̀ “Èmi lókàn” l'Ábẹ́òkúta lọ́dún 2022, ó sì bá a lọ sí Asò Rock. Táwọn Yewa náà bá ní àwọn ló kàn, ẹnu wo ni ọmọ Rẹ́mọ fẹ́ fi sọ pé rárá?

Nítorí náà, ìbò tó ń bọ̀ yìí, Rẹ́mọ ò lè fi ti ọmọ-ẹni dì í. Ìgbà àkọ́kọ́ láàárín ọdún mẹ́jọ nìyẹn tó jẹ́ pé ohun tí wọ́n ń fẹ́ ni wọ́n máa gbé síwájú, kì í ṣe ilé tí olùdíje ti wá. Ọ̀nà Ṣàgámù sí Ìkòròdú tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún jẹ́ ẹkún àwọn awakọ̀, ta ló máa bá Àbújá sọ̀rọ̀ ẹ̀ tí yóò yanjú? Àwọn tírélà tó kún ẹ̀gbẹ́ títì ní Ògèrè, ibo ni wọ́n fẹ́ kó wọn lọ? Pápákọ̀ òfurufú tó wà lẹ́bàá Ìpẹru àti Ìlíṣàn, ọmọ mélòó ní àgbègbè náà ló máa ríṣẹ́ ṣe níbẹ̀? Ilé-ìwòsàn ńlá Yunifásítì Ọlábísí Ọnàbánjọ tó wà ní Ṣàgámù, ṣé oògùn àti dókítà máa wà níbẹ̀ nígbàkígbà tí aláìsàn bá dé?

Ẹni tó bá wá pẹ̀lú àpò ìrẹsì àti “dìbò kó o sebẹ̀”, ẹ gbà á bẹ́ ẹ bá fẹ́, ọbẹ̀ ìyẹn ò ju ọjọ́ kan lọ. Ẹ bi í ní ìbéèrè mẹ́rin yẹn kẹ́ ẹ tó tẹ̀ka. Awólọ́wọ̀ ò fi ìrẹsì gba ìbò Rẹ́mọ, ilé-ìwé ló fi gbà á, ìdí sì nìyẹn tó fi jẹ́ pé ọdún gọbọi ló fi wà lọ́wọ́ ẹ̀. Ọ̀pẹ ti lọ, ìmọ́lẹ̀ ti lọ, ẹṣin ti lọ, ìgbàálẹ̀ àti agbòòrùn náà á lọ lọ́jọ́ kan. Káàdì ìdìbò tó wà lọ́wọ́ ará Rẹ́mọ ni kò gbọ́dọ̀ lọ lọ́fẹ̀ẹ́.