Lẹ́búlẹ́bú funfun tó wà nídìí pẹtiróòlù

Ẹ̀yin èèyàn mi, a ti pariwo rìfáínárì Dangote títí: èló ni lítà kan, ta ló ń bá ta jà. Kò burú. Àmọ́ lẹ́búlẹ́bú funfun kan wà nídìí ọ̀rọ̀ náà tẹ́nì kankan ò dárúkọ. Zeolite ló ń jẹ́. 🧵

Tí wọ́n bá ti yọ èyí tó fúyẹ́ kúrò lára epo rọ̀bì, epo tó ki, tó wúwo, ló máa ń ṣẹ́ kù. Mọ́tò yín ò lè mu ún. Wọ́n á mú un gbóná kọjá 500°C, wọ́n á jẹ́ kó pàdé zeolite, láàárín ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, púpọ̀ nínú rẹ̀ ti di pẹtiróòlù. Zeolite náà ò ní bá a lọ. Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè ní catalyst.

Ṣé ẹ mọ ajere? Bẹ́ẹ̀ ni zeolite ṣe ní ihò, àmọ́ ihò zeolite Y ò ju nǹkan bíi 0.74 nanometer lọ. Inú ibẹ̀ ni ásíìdì tó ń gé epo wà. Molecule tó bá tóbi jù, ìta ló ti máa kọ́kọ́ fọ́ kó tó ráyè wọlé. Tẹ́ ẹ bá tẹ́ gbogbo ògiri inú ihò gíráàmù 10 péré sílẹ̀, á fẹ̀ tó pápá bọ́ọ̀lù. Mi ò sọ àsọdùn o.

Apá tí mo fẹ́ràn jù rèé. Bó ṣe ń gé epo ni èédú ń bò ó lára, tí kò ní lè ṣiṣẹ́ mọ́. Wọ́n á fẹ́ atẹ́gùn sí i, èédú yẹn á jó, ooru rẹ̀ náà ni wọ́n á fi gé epo tó kàn. Bí àwọn ìyá tó ń ṣe epo pupa ṣe ń fi ìhá dáná gẹ́lẹ́ 😂

Síbẹ̀, ó ń gbó. Wọ́n ní láti máa kó díẹ̀ jáde, kí wọ́n fi tuntun rọ́pò rẹ̀. Ríra rẹ̀ ò lè tán.

Ibi tó ti kàn wá nìyí. Rìfáínárì tó wà ní Ìbẹ̀jú-Lẹ́kì, tí wọ́n kọ́ láti máa fọ agbá 650,000 lójúmọ́, ní ẹ̀ka tó ń lo irú catalyst yìí. A sì lè fi kaolin, amọ̀ funfun tó jẹ́ ẹbí ẹfun, ṣe zeolite. Ó wà ní Kankara ní Katsina, ó wà ní Ìjerò-Èkìtì. Kí 2010 tó dé ni àwọn olùwádìí ABU Zaria ti fi amọ̀ Kankara ṣe zeolite Y. Kí ló dé tó fi jẹ́ pé inú jọ́nà la ti ń kà á?

Ẹnì kan á ní láàbù yàtọ̀ sí ilé iṣẹ́. Òótọ́ ni. Ó gbọ́dọ̀ rí róbótó bí iyanrìn kíkúnná, kó le débi tí kò fi ní rún nínú ẹ̀rọ, kí ihò rẹ̀ má sì wó lábẹ́ ooru. Ìyẹn gba owó, ó gba ilé iṣẹ́ kékeré fún àdánwò, ó gba sùúrù ọdún mélòó kan. Ibẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ kí owó lọ. Amọ̀ tá a fi ń ṣe ọ̀dà àti àwo yìí lè ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní 2025, Kitagawa, Robson àti Yaghi gba Nobel kẹ́mísìrì lórí nǹkan oníhò mìíràn tó ń jẹ́ MOF. Ihò layé ń lé báyìí 😭

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wá àkòrí project ní kẹ́mísìrì, ẹ lọ bu amọ̀ Ìjerò. Tẹ́ ẹ bá sì lẹ́nì kan ní rìfáínárì, ẹ bá mi bi í: kílò catalyst kan, èló?