Ẹ̀sùn Mi sí Àwa Tí À Ń Jọ́sìn ní Barking

Àwa Yorùbá onígbàgbọ́ tí à ń gbé ládùúgbò Abbey, ní Barking, London, ni mò ń fẹ̀sùn kàn. N kò gbé ẹjọ́ náà lọ sọ́dọ̀ ọlọ́pàá tàbí káńsù. Iwájú Ọlọ́run tí à ń pè ni mo gbé e wá. Nínú ìjọ wa, ìrora kò ní ẹnu àfi ìgbà tó bá ti di ẹ̀rí. Ẹni tó ti là á já nìkan ló láyè láti sọ pé òun jìyà rí. Ẹni tó ṣì wà nínú rẹ̀, a kì í fẹ́ gbọ́ tirẹ̀.

Ẹ̀sùn kìn-ín-ní: a gba máìkì lọ́wọ́ ẹni tó ń sunkún. Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, nígbà ẹ̀rí, arábìnrin kan jáde síwájú. Iṣẹ́ kẹ́à ló ń ṣe. Yúnífọ́ọ̀mù iṣẹ́ òru ṣì wà lọ́rùn rẹ̀ lábẹ́ kóòtù. Ó ní òun kò tíì rí ìdáhùn o, òun kàn fẹ́ kí àwọn ará mọ̀ pé oorun ti dá lójú òun, pé òun máa ń jókòó sínú bọ́ọ̀sì kọjá ibi tó yẹ kí òun ti sọ̀, torí ẹ̀rù yàrá tí kò sí ẹnìkankan nínú rẹ̀ ń ba òun. Kò tíì sọ̀rọ̀ tán tí olùdarí ìsìn fi gba máìkì. "Ẹ bá mi kígbe Halelúyà!" Onílù gbà á, dùùrù tẹ̀lé e. Arábìnrin náà padà síbi ìjókòó rẹ̀, ó ń pàtẹ́wọ́. Àtẹ́wọ́ yẹn ló dùn mí jù.

Ẹ wo ohun tó wà lọ́rùn àwọn irú rẹ̀. Láti ọjọ́ 11 oṣù Kẹta ọdún 2024, òṣìṣẹ́ kẹ́à tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gba físà kò lẹ́tọ̀ọ́ láti mú ọkọ, aya tàbí ọmọ wá sí UK mọ́. Ìyá wà ní Barking, ó ń fi WhatsApp kọ́ ọmọ níṣẹ́ ilé ní Ìbàdàn. Ó ń san rẹ́ǹtì, ó ń fowó ránṣẹ́ sílé, ó sì ń gbàdúrà kí ilé iṣẹ́ tó gbà á má yọwọ́ kúrò lórí físà rẹ̀. Bí a bá kí i pé ṣé dáadáa ni, ó ti mọ èsì tí à ń retí: "A dúpẹ́ o, Ọlọ́run ń ṣe é."

Ẹ̀sùn kejì: a yára dájọ́. Hánà ń gbàdúrà ní Ṣílò, ètè rẹ̀ ń mì, ohùn rẹ̀ kò jáde, Élì àlùfáà rò pé ó ti mutí yó. Ṣùgbọ́n nígbà tí Hánà ṣàlàyé ara rẹ̀, Élì yí ohùn padà lójú ẹsẹ̀, ó sì súre fún un. Ohùn tiwa kì í yí padà. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì, a ní ìgbàgbọ́ rẹ̀ kéré. Bó bá tún sọ ọ́, a ní kó lọ wádìí ìdílé ìyá rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ Èlíjà bẹ Ọlọ́run pé kó jẹ́ kí òun kú, oúnjẹ àti omi ni áńgẹ́lì kọ́kọ́ gbé fún un. Ó tún jẹ́ kó sùn.

Ẹ̀kẹta kò gba àlàyé: a kì í bo àṣírí. Ọ̀rọ̀ tí ènìyàn finú hàn wá ní Ọjọ́bọ̀ ti di kókó àdúrà lórí WhatsApp kó tó di ọjọ́ Ìsinmi. A kò dárúkọ ẹ̀, gbogbo ìjọ sì mọ ẹni tí à ń wí.

Ẹ̀kẹrin ló wúwo jù. Àwọn kan nínú wa, tí àwọn fúnra wọn ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru láràárọ̀, ń sọ fún ẹni tí dókítà fún lóògùn ọpọlọ pé kó dà á nù, kó máa gbààwẹ̀. Ní England, ó ju ìlọ́po mẹ́ta lọ tí a fi ń fi òfin ìlera ọpọlọ dá aláwọ̀ dúdú dúró sílé ìwòsàn ju aláwọ̀ funfun lọ. Mo gbà pé ẹlẹ́yàmẹ̀yà ń bẹ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ìjọ dá dúró nílé títí àìsàn rẹ̀ fi le, ẹ̀bi ta nìyẹn? Ẹ má sì pe ìtọ́jú ọpọlọ ní àṣà òyìnbó. Láti 1954 ni Dókítà Thomas Adéoyè Lámbò, ọmọ Abẹ́òkúta, ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣètọ́jú aláìsàn ọpọlọ ní Àrò níbẹ̀, tí wọ́n ń gbé láàárín ará abúlé, tí ẹbí wọn wà lọ́dọ̀ wọn.

A kò lè ní a ò rẹ́ni wò kọ́ṣe. Itẹ́ òkú ìjọ Quaker ní Barking yìí ni wọ́n sin Elizabeth Fry sí ní 1845. Ìyá ọlọ́mọ mọ́kànlá ni, ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn sì bá òun náà fínra, síbẹ̀ ó wọ ẹ̀wọ̀n Newgate lọ bá àwọn obìnrin tí kò sẹ́ni tó fẹ́ rí ojú wọn. Ní 1953, Chad Varah, àlùfáà Áńgílíkà, dá ẹgbẹ́ Samaritans sílẹ̀ nínú ìjọ kan nígboro London, fún àwọn tí ayé sú. Òun ni àwọn ènìyàn ń wá rí. Àwọn olùyọ̀ǹda ń po tíì fún wọn, wọ́n ń gbọ́ tẹnu wọn bí wọ́n ṣe ń dúró dè é. Kò pẹ́ tó fi rí i pé ọ̀pọ̀ kò nílò òun mọ́, torí ẹni tó gbọ́ ọ̀rọ̀ wọn ti ràn wọ́n lọ́wọ́.

Ẹ̀yin olùṣọ́-àgùntàn, ẹ̀yin ìyá ìjọ, mo bẹ̀ yín. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀, ẹ fi máìkì sílẹ̀ fún ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò tíì yanjú. Kí onílù dákẹ́. Kí ẹnìkan bá a délé, kó jókòó tì í. Kí ẹ sì kọ 116 123 sójú pátákó ìkéde, níbi tí gbogbo ènìyàn ti lè rí i. Nọ́ńbà Samaritans ni. Ọ̀fẹ́ ni, wọ́n sì ń gbé e tọ̀sán-tòru.