Àìrọ́mọbí: Ìṣòro ẹni méjì ni, ẹ má dì í lé ìyàwó nìkan lórí

Níbi ìgbéyàwó nílẹ̀ wa, àdúrà tí kì í wọ́n ni pé ẹ̀yìn ìyàwó ò ní mẹ́ní. Láti ọjọ́ náà làwọn ẹbí ti ń ka oṣù. Tó bá pé ọdún kan, ojú á wà lára ikùn ìyàwó. Tó bá di ọdún mẹ́ta, ọ̀rọ̀ ti di ìpàdé ẹbí. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń jẹ́ Ìyá Tọ́pẹ́, òun ṣì ń jẹ́ "ìyàwó" lẹ́nu ará ilé.

Lóṣù kọkànlá ọdún 2025, Àjọ Ìlera Lágbàáyé, WHO, gbé ìlànà jáde lórí bó ṣe yẹ kí wọ́n máa dènà àìrọ́mọbí, kí wọ́n máa ṣàyẹ̀wò rẹ̀, kí wọ́n sì máa tọ́jú rẹ̀. Irú rẹ̀ àkọ́kọ́ fún gbogbo àgbáyé nìyí. Àjọ náà ní nínú èèyàn mẹ́fà tó ti tó ọmọ bí, ó kéré tán, ẹnì kan máa ń bá ìṣòro yìí pàdé. Ohun tó yẹ ká dì mú níbẹ̀ ni pé wọ́n ka ìtọ́jú ọkàn mọ́ ìtọ́jú ara.

Kí ló dé? Ẹ wò ó báyìí. Oṣooṣù ni ìrètí máa ń sọ, oṣooṣù náà ló sì ń wó tí nǹkan oṣù bá dé. Ọ̀fọ̀ ni, àmọ́ kò sí òkú nílẹ̀, kò sẹ́ni tó máa wá kí wọn kú ìrọ́jú. Ìbálòpọ̀ tó dùn tẹ́lẹ̀ á di ohun tí wọ́n ń fi kàlẹ́ńdà ṣe. Ìyàwó ò fẹ́ lọ síbi ìkómọ mọ́, ọkọ ń pẹ́ níbi iṣẹ́ kó má baà wọlé bá ẹkún. Àwọn méjèèjì ń jìyà, wọn ò sì bára wọn sọ ọ́.

Ibi tó ti wá ń bàjẹ́ ni pé ìyàwó nìkan la máa ń rán lọ ṣàyẹ̀wò. Bẹ́ẹ̀, ohun táwọn dókítà ń sọ ni pé láàárín nǹkan bí ìdajì àwọn tọkọtaya tó ń retí ọmọ, ọkùnrin ní ìpín nínú ìṣòro náà, yálà òun nìkan tàbí òun pẹ̀lú ìyàwó. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin ń sá fún àyẹ̀wò àtọ̀ torí wọ́n rò pé wọ́n á pe àwọn ní akúra. Ọ̀tọ̀ ni kéèyàn lágbára lórí bẹ́ẹ̀dì, ọ̀tọ̀ ni kí àtọ̀ rẹ̀ lè sọ obìnrin di aboyún. Tí ọkọ bá kọ̀, ìyàwó lá ru ẹ̀bi. Ẹbí á ní kó fẹ́ òmíràn. Tí ìyẹn náà ò bá lóyún, obìnrin méjì ló ń sunkún nínú ilé kan.

Ọ̀rọ̀ owó tún wà níbẹ̀. Láti ọdún 1989 tí wọ́n ti fi IVF bí ọmọ àkọ́kọ́ ní LUTH l'Ékòó, ọ̀nà ti là. Àmọ́ WHO fúnra rẹ̀ ní láwọn ibì kan, owó IVF ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lè tó ìlọ́po méjì ohun tó ń wọlé fún ìdílé lọ́dún. Ẹni tó ta ilẹ̀ tàbí yáwó, tí oyún ò sì dúró, gbèsè àti ìbànújẹ́ ló jọ máa bá a sùn.

Nítorí náà, kí ilé ìwòsàn ní ẹni tó máa bá tọkọtaya sọ̀rọ̀ kí ìtọ́jú tó bẹ̀rẹ̀, àti lẹ́yìn tó bá kùnà. Kí ìjọba wá bí owó rẹ̀ ṣe máa wọ inú ètò ìbánigbófò ìlera. Ẹ̀yin ìyá ọkọ, ẹ̀yin àǹtí, ìbéèrè "kò tíì sí nǹkan kan ni?" kì í ṣe ìtọ́jú.

Ẹ̀yin tọkọtaya tó ń retí, bí a bá ń sunkún, à máa ríran. Tó bá ti pé oṣù 12 tẹ́ ẹ ti jọ ń bá ara yín sùn láìlo ìfètò-sọ́mọ-bíbí, tàbí oṣù 6 tí ìyàwó bá ti lé lọ́dún 35, ẹ jọ dìde lọ rí dókítà lọ́jọ́ kan náà. Kí ọkọ má dúró síta nínú mọ́tò.