Ìwé Orúkọ Ẹgbẹ́ Wa àti Àwọn Ilé-iṣẹ́ Ńlá Orí Íntánẹ́ẹ̀tì

Ẹni tó bá ń wá àwọn Yorùbá tó ń gbé ní Stone Mountain, Clarkston àti Lithonia ní Georgia, orí WhatsApp ni yóò ti kọ́kọ́ bá wọn pàdé. Ibẹ̀ la ti ń gbọ́ ti ìkómọ, ti òkú, ti aṣọ ẹbí, àti ti ọjọ́ tí ẹni tó ń kó ẹrù lọ sí Èkó yóò di ẹrù rẹ̀. Gmail ni akọ̀wé ẹgbẹ́ fi ń kọ̀wé. Inú Google Drive ni orúkọ, àdírẹ́sì àti owó tí oníkálùkù dá wà. Zoom la fi ń ṣèpàdé nígbà òtútù, Facebook la sì ń kó fọ́tò ọdún ìlú sí. Púpọ̀ nínú nǹkan wọ̀nyí, a kì í san kọ́bọ̀ lé e lórí. Abájọ tó fi máa ń ya àwọn àgbà lẹ́nu bí àwọn ọmọ wa tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà bá ní ká kó kúrò níbẹ̀, ká lọ síbi tí wọn kì í ti fi ìgbésí ayé ẹni pawó. Ọ̀rọ̀ wà lẹ́nu ẹgbẹ́ méjèèjì, ó sì yẹ ká gbọ́ ọ tán.

Àwọn tó ní ká kúrò kò sọ̀rọ̀ lásán. Jan Koum àti Brian Acton ló dá WhatsApp sílẹ̀ ní 2009, wọn ò sì fi pamọ́ pé àwọn kò fẹ́ ìpolówó níbẹ̀. Facebook rà á ní 2014. Bílíọ̀nù 19 dọ́là ni wọ́n dá lé e nígbà tí wọ́n kéde rẹ̀. Acton fi ilé-iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní 2017. Ní 2018 ó gbé mílíọ̀nù 50 dọ́là kalẹ̀ fún àjọ tó ń bójú tó áàpù ìfọ̀rọ̀ránṣẹ́ Signal, tí kì í ṣe àjọ elérè. Nígbà tó di oṣù kìíní 2021, WhatsApp ní kí gbogbo ènìyàn fọwọ́ sí òfin tuntun lórí bí òun yóò ṣe máa lo dátà wọn, ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ènìyàn sì sá lọ sórí Signal àti Telegram.

Àwọn tó ní ká dúró á ní WhatsApp náà ń ti ọ̀rọ̀ pa kí ẹlòmíràn má lè kà á. Òótọ́ ni, láti 2016, ìlànà Signal gan-an ló sì ń lò láti fi tì í. Meta, orúkọ tí ilé-iṣẹ́ Facebook ń jẹ́ báyìí, kò lè ka ohun tí mo kọ sí ẹ̀gbọ́n mi. Ṣùgbọ́n ó lè mọ ẹni tí mo ń bá sọ̀rọ̀, bí mo ṣe ń bá a sọ̀rọ̀ léraléra tó, àti gúrúùpù tí èmi àti ẹ̀gbọ́n mi jọ wà. Ní 2016 yẹn kan náà, ilé-ẹjọ́ kan ní Virginia pàṣẹ pé kí Signal kó ohun tó mọ̀ nípa nọ́ńbà fóònù méjì wá. Ohun tí Signal rí kó kalẹ̀ kò ju ọjọ́ tí wọ́n ṣí àkáǹtì àti ọjọ́ tí ẹni tó ni ín lo Signal kẹ́yìn lọ. Kò sí òmíràn lọ́wọ́ rẹ̀.

Kí ló kàn wá nínú èyí? Ẹ wo ibi tí a ń gbé. Orí òkè tí wọ́n fi sọ ìlú Stone Mountain lórúkọ ni wọ́n ti jí Ku Klux Klan dìde ní 1915, àwòrán àwọn aṣáájú tó jà kí ẹrú má bàa dòmìnira ṣì wà lára òkúta náà títí dòní. Ní Alabama, ìpínlẹ̀ tó múlé gbe wa, ìjọba fẹ́ fi tipátipá gba ìwé orúkọ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ NAACP ní àwọn ọdún 1950. NAACP kọ̀ jálẹ̀, ọ̀rọ̀ dé ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà, ilé-ẹjọ́ náà sì gbè wọ́n ní 1958. Nítorí náà, ìwé orúkọ ẹgbẹ́ aláwọ̀ dúdú ní apá gúúsù Amẹ́ríkà kì í ṣe ohun tí à ń fi ṣeré. Nínú ẹgbẹ́ tiwa, àwọn kan ti di ọmọ orílẹ̀-èdè yìí, àwọn kan ṣì ń retí ìwé, àwọn kan wà tí ìwé wọn ti kọjá àkókò. Gbogbo wọn ló wà nínú fáìlì kan ṣoṣo, lórí kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ tó jẹ́ pé bí ilé-ẹjọ́ bá kọ̀wé sí i, ó ní ohun púpọ̀ láti kó kalẹ̀.

Ilé náà ò gbẹ́yìn. Ní oṣù keje 2024, àjọ FCCPC ti Nàìjíríà bu owó ìtanràn mílíọ̀nù 220 dọ́là lé Meta. Lára ẹ̀sùn náà ni pé bó ṣe ń ṣe sí dátà àwọn ọmọ Nàìjíríà yàtọ̀ sí bó ṣe ń ṣe sí tàwọn ará ibòmíràn. Nígbà tí Meta pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn, ìgbìmọ̀ tó gbọ́ ọ ní oṣù kẹrin 2025 ní owó náà dúró.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká gbọ́ tàwọn tó ní ká dúró.

Ìyá kan tó ń gbé ní Clarkston lè wo ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wa yìí lójú kó ní, “Ọmọ mi, gbogbo ohun tí o sọ yé mi. Àbúrò mi tó wà ní Ìkìrun ńkọ́?” Ìbéèrè yìí wúwo ju bí àwọn ọ̀dọ́ ṣe ń rò lọ. Ní Nàìjíríà, àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù máa ń ta dátà kékeré tó jẹ́ ti WhatsApp àti Facebook nìkan, ní owó pọ́ọ́kú. Ẹni tó bá ra irú rẹ̀ kò lè fi ṣí Signal. Fóònù àbúrò yẹn lè má ní àyè fún áàpù méjì. Bí a bá kó kúrò lórí WhatsApp nítorí pé ó tọ́, àwa tó wà ní Amẹ́ríkà ni ẹ̀rí ọkàn wa yóò mọ́, àwọn tó wà nílé ni yóò sì san owó rẹ̀. Èmi ò rí bí a ṣe lè pe ìyẹn ní ìwà rere láìkọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ wọn.

Ẹ̀wẹ̀, ibi tí wọ́n ní ká sá lọ pàápàá kò jìnnà sí ibi tí a ti ń sá. Ní ọjọ́ 4, oṣù kẹwàá 2021, WhatsApp àti Facebook kú fún nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà, àwọn alátakò wọn sì ní ká rí i bó ti burú tó láti fi gbogbo ẹyin sínú agbọ̀n kan. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 20, oṣù kẹwàá 2025, Signal náà kú, nítorí pé kọ̀ǹpútà Amazon tó ń háyà ló ní ìṣòro. Meredith Whittaker tó jẹ́ ààrẹ Signal ṣàlàyé pé àwọn ilé-iṣẹ́ tó lè gbé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ káàkiri ayé kò pọ̀ rárá. Ilé ńláńlá tí wọ́n ń kó irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ sí wà nítòsí wa: Meta ní tirẹ̀ ní Newton County, ní ìlà-oòrùn wa lójú ọ̀nà I-20. Ní 2025, DeKalb County wa yìí ní kí wọ́n dúró díẹ̀ ná lórí kíkọ́ tuntun, nítorí iná, omi àti ariwo. Yálà WhatsApp lo lò tàbí Signal, irú ilé bẹ́ẹ̀ lọ̀rọ̀ rẹ ń gbà kọjá.

Ọ̀rọ̀ èdè wa náà wà níbẹ̀. Google fi Yorùbá kún èdè tó ń túmọ̀ ní 2013, kíbọ́ọ̀dù rẹ̀ tó wà lórí fóònù sì ń kọ ẹ àti ọ tòun ti àmì ohùn. Lóòótọ́, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ ló kọ Wikipedia Yorùbá, ohùn àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn ni Mozilla sì fi ń kó Common Voice jọ. Síbẹ̀, ẹni tó bá sọ pé ilé-iṣẹ́ ńlá kò ṣe wá lóore kankan rí, kò sọ òótọ́ tán.

Ibi tí mo rò pé ìjà náà wà gan-an kọ́ ni wọ́n ń jà sí. Àwọn ọ̀dọ́ ní ká gbé Nextcloud kalẹ̀, èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní Jámánì ní 2016, kí fáìlì ẹgbẹ́ wà lórí kọ̀ǹpútà tí àwa fúnra wa ń darí. Ó dára. Ta ni yóò máa tún un ṣe? Bí ọmọ tó mọ̀ ọ́n ṣe bá ríṣẹ́ sí Houston, tó kó lọ, ta ló mọ ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀? Ìlú Munich pinnu ní 2003 pé òun yóò kúrò lórí Windows, ó ní owó, ó ní òṣìṣẹ́, síbẹ̀ ìgbìmọ̀ ìlú náà dìbò ní 2017 pé àwọn ń padà. Àwọn ará Schleswig-Holstein, ní Jámánì kan náà, kò torí ìyẹn jáwọ́: ní 2024 wọ́n kéde pé àwọn yóò kó kọ̀ǹpútà 30,000 kúrò lórí Microsoft Office bọ́ sórí LibreOffice. Ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n ó fẹ́ ẹni tí yóò dúró tì í.

Ṣùgbọ́n kí àwọn àgbà má rò pé Google ti gbà wọ́n lọ́wọ́ ìṣòro yẹn. Nínú ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́, orúkọ akọ̀wé fúnra rẹ̀ ni wọ́n fi ṣí Gmail náà. Bí òun àti alága bá jà, ìwé ẹgbẹ́ bá a lọ. Ẹni méjì tàbí mẹ́ta ló yẹ kó mọ ọ̀rọ̀ aṣínà, ibi yòówù kí fáìlì wà, bí a kò ṣe ń fi kọ́kọ́rọ́ àpótí èsúsú sọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo.

Bó bá jẹ́ tèmi, ìròyìn ilé, ìkómọ àti aṣọ ẹbí yóò dúró lórí WhatsApp, nítorí Ìkìrun. Bí ìgbìmọ̀ bá ń sọ̀rọ̀ nípa ẹni tí ìjọba mú tàbí ẹni tí àìsàn ń ṣe, kí wọ́n gbé e lọ sórí Signal. Ènìyàn bíi mẹ́wàá péré ni, wọn ò ní dá ẹnikẹ́ni tó wà nílé lóró. Ìwé orúkọ ni mo fẹ́ kó kúrò ní Google Drive, kó lọ síbi tí ẹgbẹ́ ń sanwó rẹ̀, tí olówó ibẹ̀ kò sì ní ìdí láti kà á. Kí a sì yọ ohun tí kò kàn wá kúrò nínú rẹ̀. Ẹgbẹ́ kò nílò ọjọ́ ìbí ẹnikẹ́ni kó tó gba owó lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì yẹ kó béèrè bí ìwé ìgbélùú rẹ̀ ṣe rí.

Mo mọ̀ pé akápò yóò béèrè ìdí tí a ó fi máa sanwó oṣooṣù fún ohun tí a ń rí lọ́fẹ̀ẹ́. Ìbéèrè rẹ̀ tọ́. Signal pàápàá sọ ní 2023 pé òun yóò máa ná nǹkan bíi mílíọ̀nù 50 dọ́là lọ́dún, ọrẹ àwọn ènìyàn ló sì ń gbé púpọ̀ nínú ìnáwó náà. Bí ẹgbẹ́ bá fọwọ́ sí i, kí wọ́n kọ iye rẹ̀ sínú ìṣirò ọdún níwájú gbogbo ọmọ ẹgbẹ́, bí wọ́n ṣe ń kọ owó gbọ̀ngàn àti owó ìrẹsì.