Ògiri Tó Lanu Díẹ̀: Ẹ̀rù Àwọn Alátìlẹ́yìn ní Ọbaníkòró

Àwọn àgbà ní bí ògiri kò bá lanu, alángbá kò ní ríbi wọ̀ ọ́. Láàrin ọjọ́ keje sí ọjọ́ kọkànlá oṣù Kejì, ọdún 2024, ọ̀rọ̀ ògiri ni àwọn olólùfẹ́ eré bọ́ọ̀lù ní Ọbaníkòró gbé sẹ́nu. Wọn kò sọ̀rọ̀ Osimhen púpọ̀, bẹ́ẹ̀ ni Lookman tó ti gbá góòlù mẹ́ta sáwọ̀n nínú ìdíje náà kò rí ìyìn tó tọ́ sí i gbà. Ẹ̀yìn ni gbogbo wọn ń sọ. Níwájú àtẹ oníwèé ìròyìn lẹ́bàá Òpópónà Ìkòròdú, níbi tí àwọn ènìyàn ti ń dúró ka àkọlé láìra ìwé, nínú àwọn ilé ìtẹ̀wé tó kún ìgbèríko Ṣómólú, àti nínú ọkọ̀ tó ń lọ sí Bàrígà, ìbéèrè kan náà ni: ta ni yóò mú Adingra?

Ẹni tó bá ka ìṣirò nìkan lè sọ pé ẹ̀rù wọn kò nídìí. Eré mẹ́fà ni ikọ̀ Super Eagles ti gbá ní ilẹ̀ Côte d'Ivoire kí ó tó kan àṣekágbá, góòlù méjì péré ni wọ́n sì jẹ. Equatorial Guinea gbá ọ̀kan wọlé nínú eré àkọ́kọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, eré mẹ́rin gbáko ni àwọ̀n Nàìjíríà kò mì rárá. Èkejì ni pẹ́náritì tí Mokoena ti Gúúsù Áfíríkà gbá wọlé nígbà tí eré ọjọ́ keje oṣù Kejì ń parí lọ. José Peseiro, akọ́nimọ̀ọ́gbá ọmọ ilẹ̀ Pọtogí, to àwọn mẹ́ta sí àárín ẹ̀yìn: William Troost-Ekong, Calvin Bassey àti Semi Ajayi. Ola Aina ló ń ṣọ́ apá ọ̀tún. (Ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ pé Ọláolúwa wà lára orúkọ Aina, àti pé Olúwaṣèmílógo ni "Semi" yẹn, orúkọ tó kún fún ìtumọ̀ ni wọ́n gé kúrú bẹ́ẹ̀.)

Ṣùgbọ́n àwọn ará Ọbaníkòró kò dúró lórí ìṣirò. Ẹni tó ń bọ̀ ni wọ́n ń wò. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kìíní, Nàìjíríà ti na Côte d'Ivoire ní àmì ayò kan sí òdo, Troost-Ekong ló gbá pẹ́náritì náà wọlé. Ìṣẹ́gun yìí ni àwọn afọ́nnu rọ̀ mọ́.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ fọkàn balẹ̀ jàre. A ti nà wọ́n rí," ni ọ̀dọ́mọkùnrin atẹ̀wé kan sọ fún awakọ̀ kan tó ti lé lọ́mọ ọgọ́ta ọdún.

"Ta lo nà? Ẹni tí o nà kọ́ ló ń bọ̀ yìí. Ṣé o rí Adingra lọ́jọ́ yẹn ni, àbí o rí Haller?"

Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni awakọ̀ náà sọ. Ara àwọn méjèèjì kò tíì yá nígbà tí wọ́n gbá ti àkọ́kọ́. Kò sí ẹnì kankan nínú wọn lórí pápá. Lẹ́yìn náà ni Equatorial Guinea fi àmì ayò mẹ́rin sí òdo dójú ti onílé ní ọjọ́ 22 oṣù Kìíní. Akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn, Jean-Louis Gasset, kúrò lórí oyè, Emerse Faé sì gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ikọ̀ tí gbogbo ayé ti fẹ́ sin tún dìde. Wọ́n lé Sẹ̀nẹ̀gà tó gba ife-ẹ̀yẹ tẹ́lẹ̀ lọ sílé pẹ̀lú pẹ́náritì. Wọ́n ku mẹ́wàá lórí pápá níwájú Málì, àyò kan ni Málì sì fi ń ṣíwájú kí Adingra tó dá a padà nígbà tí àádọ́rùn-ún ìṣẹ́jú ń pé; kí eré tó parí, wọ́n ti borí. Haller, ẹni tí àrùn jẹjẹrẹ dá dúró ní ọdún 2022, ló gbá góòlù tó lé Kóńgò lọ. Irú ọ̀tá bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ẹni tí a ń fi èsì àtijọ́ dẹ́rù bà.

Ibi tí ẹ̀rù náà ti wá gan-an kò sì ṣòroó rí fún ẹni tó bá lajú. Nínú ètò Peseiro, Aina kì í dúró sẹ́yìn nìkan. Ó ń sáré lọ síwájú láti ran àwọn atamátàsé lọ́wọ́. Bí ó bá ti lọ, ilẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ a di ẹ̀yìnkùlé tí kò lọ́gbà. Ajayi nìkan ni yóò wá sáré lọ dí ojú ihò náà, bó bá sì ti kúrò láàárín, ààyè ṣí sílẹ̀ fún Haller nìyẹn. Apá òsì àwọn ará Côte d'Ivoire ni Adingra ti ń gbá bọ́ọ̀lù, òun gan-an sì ni apá ọ̀tún Nàìjíríà. Ohun tí ọ̀pọ̀ wọn ń bẹ̀bẹ̀ fún kò ju pé kí ẹni tó bá gbá bọ́ọ̀lù níwájú Aina máa rántí ilé.

Kí ni iṣẹ́ lámèyítọ́ bí kò ṣe èyí? Àwọn ènìyàn wọ̀nyí ka eré kan kí wọ́n tó gbá a. Wọ́n mú ẹ̀rí jáde, wọ́n fi eré kan wé òmíràn, wọ́n sì tọ́ka sí ibi tí ewu wà, tí ó fi jẹ́ pé ẹni tó bá fẹ́ jiyàn ní láti mú ẹ̀rí tirẹ̀ wá. Èdè Yorùbá ni wọ́n sì fi ṣe é láìsí ìlò èdè àyálò ju bó ti yẹ lọ. Ẹ tún wo ọ̀rọ̀ tí èdè náà fi ń pè wọ́n: alátìlẹ́yìn. Ẹ̀yìn ni iṣẹ́ wọn, ẹ̀yìn ni wọ́n ń tì, ẹ̀yìn náà ló sì ń já wọn láyà.

Ẹ̀rù yìí ní ìtàn. Ní ọdún 1984, ní Abidjan kan náà, Nàìjíríà bá Kamẹrúùnù pàdé nínú àṣekágbá. Muda Lawal kọ́kọ́ gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n, ayọ̀ ṣubú layọ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí eré yóò fi parí, mẹ́ta sí ẹyọ kan ni wọ́n fi gba ife lọ. Ní ọdún 2000, ní pápá ìṣeré Sùúrùlérè tí kò jìnnà sí Ọbaníkòró, ọ̀mì méjì-méjì ni eré parí sí, Kamẹrúùnù náà ló sì tún fi pẹ́náritì borí. Awakọ̀ ọlọ́gọ́ta ọdún kò nílò ìwé láti rántí nǹkan wọ̀nyí.

Bóyá ohun tó fà á ni pé agbóríyìn fún iwájú ni ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ẹni tó gbá góòlù wọlé ni wọ́n ń kì. Nínú àwọn agbábọ́ọ̀lù ẹ̀yìn, ìwọ̀nba ni irú Yisa Sofoluwe olóògbé, ẹni tí àwọn ènìyàn sọ ní "Dean of Defence" ní àwọn ọdún 1980. Èyí ṣàjèjì láàrin ìran tó gbẹ́ Erédò Súngbọ́ yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká, iṣẹ́ ọwọ́ tó gùn tó 160 kìlómítà, tó sì fi Ẹ̀ṣọ́ ṣe orúkọ ọlá. Àwọn baba ńlá mọyì ẹni tó ń ṣọ́lé.

Síbẹ̀, ẹ̀rù kan wà tí kò ṣe é yìn. Ní alẹ́ ọjọ́ keje yẹn, Osimhen gbá bọ́ọ̀lù wọlé, àwọn ènìyàn ti ń jó, ni ẹ̀rọ VAR bá wọ́gi lé e, tí adájọ́ sì fún Gúúsù Áfíríkà ní pẹ́náritì. Ìròyìn jáde pé àwọn kan gbẹ́mìí mì níbi tí wọ́n ti ń wo eré náà, lára wọn sì ni Cairo Ojougboh, aṣòfin àná láti Ìpínlẹ̀ Delta. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ ń sáré láìmọ ohun tó ń lé e ló wà nínú ewu jù. Ẹni tó ti wo ibi tí ògiri ti lanu, tó sì ti bá ẹnìkejì jiyàn lé e lórí, ti gbé díẹ̀ nínú ẹrù náà sọ̀kalẹ̀ kí eré tó bẹ̀rẹ̀.

Ọjọ́ kọkànlá pé. Troost-Ekong fi orí kan bọ́ọ̀lù wọlé ní ìṣẹ́jú 38. Ní ìṣẹ́jú 62, Adingra gbá bọ́ọ̀lù igun, Kessié sì fi orí kàn án sáwọ̀n. Ní ìṣẹ́jú 81, Adingra tún gba apá òsì náà wọlé, ó fi bọ́ọ̀lù ránṣẹ́ sáàárín, Haller sì na ẹsẹ̀ sí i. Méjì sí ẹyọ kan. Ohun tí wọ́n sọ nídìí àtẹ ìwé ìròyìn ló ṣẹ, láti orúkọ agbábọ́ọ̀lù dé apá ibi tó gbà wọlé.

Lẹ́yìn èyí ni ìtìjú dé. Alex Iwobi, tí kì í ṣe agbábọ́ọ̀lù ẹ̀yìn, ni àwọn kan dojú èébú kọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì débi pé ó pa àwòrán rẹ̀ rẹ́ kúrò lójú òpó Instagram rẹ̀. Ahmed Musa, ọ̀gá àwọn agbábọ́ọ̀lù, ní láti bẹ̀ wọ́n kí wọ́n dáwọ́ dúró. Ó ṣòro láti gbà pé ẹni tó ti fara balẹ̀ ka eré náà ṣáájú ni yóò máa bú Iwobi. Ẹni tó ń fọ́nnu pé ife ti wọlé ni ìjákulẹ̀ ń sọ di eléèébú, nítorí kò ní àlàyé mìíràn lọ́wọ́.

Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ girama tó wà ní Ṣómólú àti Bàrígà kún fún ọmọ tó mọ iyàn bọ́ọ̀lù jà bí awakọ̀ yẹn. Síbẹ̀, bí ó bá di àkókò àròkọ alárìíyànjiyàn, "Ìyá wúlò ju bàbá lọ" ni wọ́n tún ń kọ síwájú wọn, ọmọ náà a sì fi òógùn ojú wá gbólóhùn mẹ́ta. Kí olùkọ́ kan kọ "Apá ọ̀tún ni a ti pàdánù ife ọdún 2024" sójú pátákó ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ kan, kó sì béèrè ẹ̀rí lọ́wọ́ ọmọ kọ̀ọ̀kan. Ìwé tí wọn yóò fi kọ ọ́ lè má tó.