Òkúta Olókùúta

Àwọn kan ń wí pé ẹni tí ó bá rìn la ìsàlẹ̀ kòtò Kīlauea Iki já ní Hawaii, tí ó sì ṣa òkúta dúdú kan sápò, kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè. Wọ́n ní òkúta lásán ni, pé òkè tí ó bì í yóò tún bì òmíràn.

Irọ́ ni! Ní ọjọ́ 14 oṣù November, ọdún 1959, ni ilẹ̀ là lẹ́gbẹ̀ẹ́ kòtò náà tí iná tú jáde. Kí ó tó dáwọ́ dúró ní ọjọ́ 20 oṣù December, iná ti ta sókè tó ẹsẹ̀ bàtà 1,900, òkúta yíyọ́ sì ti kún inú kòtò bí adágún tí jíjìn rẹ̀ ju ẹsẹ̀ bàtà 400 lọ. Ojú rẹ̀ dì bí ojú ẹ̀kọ nínú ìkòkò. Abẹ́ rẹ̀ kò dì tán fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún. Títí di òní, òjò tí ó bá wọ inú sísán rẹ̀ a máa padà jáde ní ooru. Láti ọdún náà, kòtò yìí kò tíì bì òmíràn. Òkúta wo ni yóò wá dípò èyí tí ẹ gbé lọ?

N kò bá ẹni tí ó rìn ín jà o. Ìrìn bíi máìlì 4 ni, láti inú igbó tútù dé orí ilẹ̀ dúdú tí igi ʻōhiʻa olódòdó pupa ti ń hù nínú pàlàpálá. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ kì í hàn lórí òkúta. Nítorí náà ni a ṣe to òkúta ní òkìtì òkìtì, tí àwọn ará Hawaii ń pè ní ahu, kí ènìyàn má baà ṣìnà. Àlejò dé, òun náà to tirẹ̀ nítorí àtiya fọ́tò! Bí ìkùukùu bá bo ilẹ̀, èwo ni ẹni tí ń bọ̀ lẹ́yìn yóò tẹ̀ lé?

Àwọn mìíràn ń bẹ̀rù ègún Pele, òrìṣà iná tí ń gbé Kīlauea. Wọ́n ń fi òkúta ránṣẹ́ padà nílé ìfìwéránṣẹ́, pẹ̀lú lẹ́tà ẹ̀bẹ̀. Àwọn tí ó mọ ìtàn ibẹ̀ sọ pé ègún yìí kì í ṣe ti àtijọ́. Àfi kí ẹ̀rù kọ́kọ́ bà wá kí a tó mọ̀ pé ohun olóhun ni! Ta ni ó sì mọ ibi tí a ti ṣa òkúta náà, tí yóò dá a padà síbẹ̀?

Ní 1893 ni àwọn àjèjì lé Ọbabìnrin Liliʻuokalani kúrò lórí oyè. Ní 1898, Amẹ́ríkà gba ilẹ̀ náà. Ẹni tí a ti gba odidi ìlú lọ́wọ́ rẹ̀, a tún ń ṣa òkúta rẹ̀ sápò, a sì ní kí ó má ráhùn nítorí pé òkúta kékeré ni. Ó dùn mí.

Òfin ọgbà ìjọba tí kòtò náà wà nínú rẹ̀ kà á léèwọ̀. Ẹni tí yóò lọ, kí ó nu bàtà rẹ̀ kí ó tó wọlé, nítorí àrùn kan ń pa igi ʻōhiʻa. Kí ó mú omi àti aṣọ òjò, kí ó tẹ̀ lé ahu tí ó bá níbẹ̀. Kí ó tó gòkè padà, kí ó yẹ àpò ara rẹ̀ wò, kí ó sì yẹ ti àwọn ọmọ rẹ̀ pẹ̀lú.