Ọmọ Tó Ń Ya Kàtúnù

Ẹ̀yin òbí, ọ̀pọ̀ nínú yín ló ń bínú sí ọmọ tó bá ya àwòrán sẹ́yìn ìwé ìṣirò. Ẹ ó ní, “Ṣé àwòrán ni wàá jẹ?” Àwa kò bá yín lọ síbẹ̀.

Iṣẹ́ kàtúnù kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀lẹ. Àwòrán 24 ni fíìmù ń lò ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìṣẹ́jú 10 péré ti di 14,400. Kọ̀ǹpútà ń ṣèrànwọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò lè ní sùúrù dípò ènìyàn. Nígbà tí Disney gbé Iwájú jáde ní 2024, eré tó dá lórí ìlú Èkó, ọmọ Nàìjíríà ni Olufikayo Adeola tó darí rẹ̀.

Ohun tó ká wa lára jù ni pé ọmọ ọdún mẹ́rin kì í bá kàtúnù jiyàn. Bó ṣe rí i ló ń gbà á, ìbáà ṣe oṣó àti àjẹ́ ni wọ́n fi ń ṣeré níbẹ̀. Ẹni tó yà á ti wàásù fún un kí ẹ tó ti ibi iṣẹ́ dé. Ní 1981, CBN àti àwọn ará Jàpáánì fi ìtàn Bíbélì ṣe Superbook. Ta ni yóò máa ṣe irú rẹ̀ fún wa ní Yorùbá, bí a bá gba pẹ́ńsù lọ́wọ́ àwọn ọmọ wa?

Ẹ̀mí Ọlọ́run ló kọ́ Besaleli ní iṣẹ́ ọnà (Ẹ́kísódù 31). Kí ọmọ náà parí iṣẹ́ ilé ìwé rẹ̀ ná, lẹ́yìn náà ẹ ra ìwé àwòrán fún un, kí ẹ sì máa bi í léèrè ohun tó ń yà.